Igbó tó Tọ Ènìyàn Wá: Àtúnkà Ìwé Mẹ́fà tó Dé Àṣàyàn Ìkẹyìn Àmì-Ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke ti 2019, láti Ojú Olùkọ́ Èdè ní Kàdúná

Ìfáàrà

Ní oṣù keje ọdún 2019, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kéde pé Rosewater, ìwé tí Tade Thompson kọ, ló gba àmì-ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì tó bá peregedé jùlọ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún tó ṣáájú ni wọ́n ń fún ní àmì-ẹ̀yẹ yìí. Owó inú rẹ̀ kò tó nǹkan: pọ́n-ùn 2,019 ni, nítorí iye ọdún ni wọ́n fi ń ṣe iye owó. Òkìkí ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń lé. Láti 1987, nígbà tí Margaret Atwood kọ́kọ́ gbà á, ìwé tó bá ti dé àṣàyàn ìkẹyìn níbẹ̀ ti di ìwé tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá káàkiri.

Ìwé mẹ́fà ló dé àṣàyàn ìkẹyìn lọ́dún náà. Àwa olùkọ́ èdè mélòó kan ní Kàdúná jọ kà wọ́n lẹ́yìn tí ariwo ti rọlẹ̀. Yorùbá, Haúsá, Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá ni a fi ń jẹun. Kì í ṣe pé a fẹ́ yẹ iṣẹ́ àwọn adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù wò. Ohun tó ká wa lára ni pé bí a bá dárúkọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì nínú kíláàsì, ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ojú ń yí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gbà pé iwin àti àǹjọ̀nú ni ìpín tòun. Ọkọ̀ òfurufú àti kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn ló ni ín. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ fún ọdún mẹ́ta tó fi ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE yóò lọ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ ìwé mẹ́fà yìí kan àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ ju bó ti kan àwọn tó fi àmì-ẹ̀yẹ náà lélẹ̀ lọ.

Kí n sọ èrò mi síta kí n tó tẹ̀ síwájú: ìwé tó gbégbá orókè dára, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo rí pé ó dára jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ìwé tó gbégbá orókè

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Tade Thompson sí, ọmọ Yorùbá ni, Nàìjíríà ló sì ti dàgbà. Oníṣègùn ọpọlọ ni lẹ́nu iṣẹ́. Amẹ́ríkà ni Rosewater ti kọ́kọ́ jáde ní 2016. Ìgbà tó di 2018 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ìlú Ọba ni ìlẹ̀kùn àmì-ẹ̀yẹ Clarke tó ṣí fún un. Ilẹ̀ wa ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún: ní oṣù kọkànlá 2017, níbi àjọ̀dún ìwé Aké ní Abẹ́òkúta, òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ Nommo ti ìwé ìtàn àròsọ gígùn, lọ́dún àkọ́kọ́ tí àmì-ẹ̀yẹ yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2066 ni ìtàn náà ń ṣẹlẹ̀, ní ìlú kan ní Nàìjíríà tó ń jẹ́ Rosewater. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ ọ̀hún. Ìlú tí kò ní gọ́tà gidi, tí òórùn ẹ̀gbin gbà kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n fi omi òdòdó olóòórùn dídùn sọ lórúkọ. Nàìjíríà ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti lè wá. Láàárín ìlú náà ni ohun ńlá kan wà tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Inú rẹ̀ ni ẹ̀dá kan tó wá láti òde ayé ń gbé, Wormwood ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni igbá náà ń ṣí. Lọ́jọ́ tó bá ṣí, ara àwọn aláìsàn tó bá wà nítòsí yóò yá. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tó ń wò wọ́n sàn kò fi gbogbo ara mọ bí ènìyàn ṣe yẹ kó rí. A máa tún ara ẹlòmíràn ṣe lódì, àwọn òkú tuntun tó bá wà ládùúgbò náà a sì dìde láìní iyè nínú.

Ibí yìí ni agbára ìwé náà wà. Èrò tó ń wọ́ lọ sí ìdí igbá náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tó bá ti rí arúgbó tí wọ́n gbé pọ̀n lọ sí ibi ìsọjí, tàbí tó bá ti tò sẹ́nu ọ̀nà olóògùn tó lókìkí láti òru, ti rí wọn. Thompson kò fi èrò náà ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì gbóríyìn fún wọn. Oníṣègùn ni, ó mọ̀ pé ẹni tí kò rí dókítà láti oṣù kíní títí dé oṣù kejìlá kò ní béèrè orílẹ̀-èdè tí oníwòsàn ti wá. Ara ẹ̀dá yẹn kan náà ni iná mànàmáná ìlú ti ń wá. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ẹnìkan nínú wa ní ohun tó jọ àlá jù nínú ìwé náà nìyẹn, iná tí kì í lọ.

Olórí ẹ̀dá ìtàn, Kaaro, jẹ́ ẹni tó lè wọ inú èrò ọkàn ẹlòmíràn. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe awo. Ohun tíńtìntín kan tó jọ olú, tí ojú kò lè rí, ti fọ́n ká inú afẹ́fẹ́, ó sì lẹ̀ mọ́ awọ ara gbogbo ènìyàn. Òun ló so ọkàn pọ̀ mọ́ ọkàn. Bí Kaaro bá fẹ́ sinmi lọ́wọ́ èrò àwọn ẹlòmíràn, ìpara tí àwa ń fi pa làpálàpá ló ń fi pa ara. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tó lè di àdììtú, ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì ni òǹkọ̀wé gbé e lọ. Olè ni Kaaro ní ìgbà èwe rẹ̀: ibi tí ọkàn olówó bá wà ni dúkìá olówó wà, òun a sì rí i. Ìyá rẹ̀ gan-an ló figbe ta, tí àwọn ará àdúgbò fi lé e láti dáná sun ún. Òǹkọ̀wé tí kò gbé láàárín wa rí kò lè kọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ èdè ìwé náà wò. Orúkọ Yorùbá kún inú rẹ̀, kò sì sí àmì ohùn kankan lórí wọn. Kaaro: ṣé ìkíni òwúrọ̀ ni àbí orúkọ mìíràn? Ta ló ń fi ìkíni sọ ọmọ? Ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tó bá kà á yóò dúró lórí orúkọ yìí. Òǹkàwé Lọ́ńdọ̀nù yóò kọjá. Ọ̀gá Kaaro nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá inú ni Femi Alaagomeji. Ẹni tó bá mọ Yábàá ní Èkó mọ Alágomejì dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ náà bí Yorùbá ṣe ń gbọ́ ọ: aláago méjì. Aago méjì gan-an ni ìwé náà ń tẹ̀ lé: orí kan á wà ní 2066, orí kejì á padà sí ọdún àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa gbàgbé ara wọn títí wọn yóò fi pàdé. Bóyá òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, Yorùbá nìkan ló lè rí i, kò sì sí adájọ́ tó máa fi máàkì kún un nítorí rẹ̀.

Ẹ̀sùn mi bọ́ sí orí ibòmíràn. Iṣẹ́ Kaaro ní báńkì ni kí òun àti àwọn bíi tirẹ̀ máa dí ọ̀nà mọ́ àwọn olè tó ń fi ọkàn jalè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n ń jókòó ka àwọn ìwé àtijọ́ olókìkí sókè, kí ọ̀rọ̀ lè bo èrò àwọn oníbàárà mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń dáàbò boni! Èdè wo ló ní irú rẹ̀ ju tiwa lọ? A ní ọfọ̀, a ní àyájọ́, a ní ẹsẹ Ifá tí wọ́n ń ké kí ibi má ráyè wọlé. Èso náà ti pọ́n lórí igi, òǹkọ̀wé kò ká a. Nínú ìwé yìí, ọmọ Yorùbá ní orúkọ, ó ní oúnjẹ, ó ní ìlú. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá dé ibi tí a ti nílò ìmọ̀, Yorùbá a dákẹ́. Àwọn ará ilé ìjọ́sìn àti oníṣègùn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ bí ara ibùdó ìtàn. Wọn kì í ṣàlàyé ayé fún ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ ká sáré sọ pé ìwé náà kò ní baba ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ọdẹ ló ń ré ààlà kọjá. Ó kúrò nílé, ó wọ igbó, ó bá ẹ̀dá tí kò jọ ènìyàn pàdé, ó sì padà wá sọ ìtàn fún ẹni tó ń fi kálámù kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé wà níhìn-ín, igbó wà lọ́hùn-ún. Ohun tí Thompson ṣe ni pé ó mú ààlà yẹn kúrò. Igbó ló tọ ènìyàn wá. Ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú, ó lẹ̀ mọ́ awọ ara, ó ń sọ ẹran ara ènìyàn di tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ilé mọ́ tí Kaaro lè padà sí láti lọ sọ ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ka Fágúnwà dáadáa ni yóò mọ bí ìyípadà yìí ṣe le tó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Thompson kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Ìwé tí èmi ìbá fún

Ahmed Saadawi, ọmọ Iraq, ló kọ Frankenstein in Baghdad. Èdè Lárúbáwá ló fi kọ ọ́. Ní 2014 ó gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé ti ìtàn àròsọ Lárúbáwá. Lẹ́yìn náà ni Jonathan Wright túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní 2018, ó sì wọ inú ìwé mẹ́fà ti Clarke. 

Hadi ń ra àlòkù, ó ń tún un tà, ní àdúgbò Bataween ní Baghdad, lásìkò tí bọ́ǹbù ń dún lójoojúmọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ẹ̀yà ara àwọn tí bọ́ǹbù pa, ó ń rán wọn pọ̀. Kò fẹ́ dá ẹ̀dá kankan. Ohun tó fẹ́ ni òkú kan tó pé, kí wọ́n lè sin ín bí ènìyàn, kí wọ́n má dà á nù bí ìdọ̀tí. Ẹ̀mí ẹ̀ṣọ́ kan tí bọ́ǹbù ti fọ́ ara rẹ̀ túútúú wá ara tí yóò wọ̀, ó wọ inú òkú rírán náà, òkú dìde. Ìyá arúgbó kan ládùúgbò, Kìrìsìtẹ́nì tí ọmọ rẹ̀ lọ sójú ogun tí kò padà, rí i, ó ní ọmọ òun ti dé. Ẹ̀dá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ̀san fún olúkúlùkù ẹni tí ẹ̀yà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ̀san ẹnìkan tán, ẹ̀yà ẹni náà a jẹrà, a já bọ́. Yóò nílò ẹran mìíràn. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹran aláìṣẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ti ọ̀daràn ń wọ inú rẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó ń pa ènìyàn kí ara rẹ̀ má bàa tán ni.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé ìyẹn kì í ṣe ìtàn sáyẹ́ǹsì, pé ìtàn ẹ̀rù ni. Àwọn adájọ́ Clarke kò wò ó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ìbéèrè tó ń béèrè jẹ́ ti onímọ̀: bí a bá fún ẹ̀san ní ara, tí a sì jẹ́ kó máa rìn, kí ni yóò máa jẹ?

Ní Kàdúná, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Láti ìjà ọdún 2000 ni odò Kàdúná ti di ààlà láàárín ìlú: Mùsùlùmí pọ̀ sí ìhà àríwá odò, Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ sí ìhà gúúsù. Yorùbá wà lápá méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n lè máa gbé ní Tudun Wada kí àbúrò rẹ̀ máa gbé ní Sabon Tasha, kí àwọn méjèèjì sì pàdé ní Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ọdún. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje 2014, bọ́ǹbù dún lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlú yìí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. A ti gbọ́ bí wọ́n ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ọdún kan lé ti ọdún mìíràn lórí, tí apá kọ̀ọ̀kan mọ iye tirẹ̀ tó kú, tí kò sì mọ iye ti ẹlòmíràn. Saadawi kò sọ fún wa pé kí a dárí jì. Ó kàn fi hàn wá bí ara tó ń gbẹ̀san ṣe ń jẹrà láti inú, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní olódodo. Nígbà tí a ń ka ibẹ̀, ẹnìkan nínú wa pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní ká sinmi díẹ̀. A sinmi.

Alábàáṣiṣẹ́ wa tó ń kọ́ni ní Lárúbáwá ló la wá lójú lórí orúkọ ẹ̀dá náà. Shismah ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Iraq fún ohun tí orúkọ rẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹni. Báwo ni Yorùbá yóò ṣe pè é? Ẹnìkan ní Lágbájá. Ẹlòmíràn ní rárá, ènìyàn là ń pè ní Lágbájá, Nǹkan-an-nì ló yẹ ẹ́. Ohun tí ìwé náà ń jiyàn lé lórí láti ojú ìwé kìíní dé ìgbẹ̀yìn náà nìyẹn: ṣé ènìyàn ni àbí nǹkan? Èmi fara mọ́ Lágbájá, nítorí ìyá arúgbó yẹn. Òun nìkan ló fún un ní orúkọ ọmọ.

Àwọn mẹ́rin yòókù

N kò ní pẹ́ lórí àwọn wọ̀nyí. Semiosis ti Sue Burke ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn: àwọn ènìyàn kó lọ sí ayé mìíràn, wọ́n sì rí i pé ọparun tó wà níbẹ̀ gbọ́n jù wọ́n lọ, ó ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́ ewúrẹ́. Ọmọ ẹni tó ń júbà igi ìrókò kó tó gé e kò ní rẹ́rìn-ín. The Loosening Skin ti Aliya Whiteley dá ayé kan sílẹ̀ níbi tí ènìyàn ti ń bọ́ awọ ara bí ejò, tí ìfẹ́ sì ń bá awọ náà lọ. Èrò náà dára ju ìtàn tó fi gbé e lọ. Àwòrán ló gbé The Electric State ti Simon Stålenhag, ìrìn àjò ọmọbìnrin kan àti róbọ́ọ̀tì kékeré ní Amẹ́ríkà tó ti dahoro, ó sì wúlò fún olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ni ní bí àwòrán ṣe ń sọ̀tàn. Revenant Gun ti Yoon Ha Lee ni ìwé kẹta nínú ọ̀wọ́ kan. Ẹni tí kò bá ka méjì àkọ́kọ́ yóò dà bí ẹni tó dé ibi ìgbéyàwó lẹ́yìn tí wọ́n ti kó àwo kúrò nílẹ̀.

Ìdíje àti èdè

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí a ń ṣe èyí ni bí ọ̀rọ̀ ìdíje ṣe pẹ́ tó ní àgbègbè wa. Ìdíje tí iléeṣẹ́ ìwé ìjọba ní Zaria ṣe ní 1933, lábẹ́ Rupert East, ló mú Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam jáde, ìtàn ẹni tó ń wá omi ìwòsàn káàkiri ayé. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní 1936 ni Fágúnwà, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́, kọ Ògbójú Ọdẹ fún. Ó jáde ní 1938. Àwọn ìdíje yìí ní àléébù tiwọn, ìfẹ́ òyìnbó ni wọ́n tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n èdè wa ni wọ́n béèrè, èdè wa ni wọ́n sì rí gbà.

Ní 1969, ọdún tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, wọ́n tẹ Tauraruwa Mai Wutsiya ti Umaru Dembo jáde ní Zaria: ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Kilba, àlejò kan tó wá láti ojú ọ̀run, àti ìrìn àjò láàárín àwọn ìràwọ̀, gbogbo rẹ̀ ní Haúsá. Láti Kàdúná sí ibi tí wọ́n ti tẹ ìwé yẹn kò ju ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bi léèrè kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, wọ́n sì ti gbọ́ ti Star Wars.

Ọ̀nà tí ìwé Saadawi gbà dé Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Àmì-ẹ̀yẹ kan wà fún èdè tirẹ̀, tó lówó, tó lókìkí. Àwọn òǹkàwé tó ń ka èdè náà wà. Òǹtúmọ̀ wá tẹ̀ lé e. Kò kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ di ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Àmì-ẹ̀yẹ Nommo gbé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Áfíríkà lárugẹ. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Dogon ti Mali, ìwé Gẹ̀ẹ́sì sì ni Rosewater tó kọ́kọ́ gbà á. N kò bá wọn wíjọ́. Mo kàn ń béèrè ibi tí ọmọ tó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá lónìí yóò gbé e lọ.

Nínú kíláàsì

A kò lè dá àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ní akẹ́kọ̀ọ́. A mú ojú ìwé mélòó kan nípa ọjọ́ tí igbá Rosewater ṣí, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, a sì ní kí wọ́n ka ìpàdé ọdẹ àti ẹ̀dá igbó nínú Fágúnwà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ ráhùn. A gbé ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti 1984 tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ kalẹ̀ fún wọn, a sì rán wọn létí pé láti 1970 ni iṣẹ́ àkànṣe Ifẹ̀ tí Babátúndé Fáfúnwá léwájú rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì.

Ìjà ńlá tó wáyé dá lórí àwọn òkú tó dìde. Ọ̀pọ̀ kọ akúdàáyà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kò gbà. Ó ní akúdàáyà a máa fẹ́ aya, a máa bímọ, a máa ná ọjà. Iyè rẹ̀ pé, ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n ló kàn ń gbé. Àwọn tó wà nínú ìwé yìí kò ní iyè. Bí a bá pè wọ́n ní akúdàáyà, ó ní a ti parọ́ mọ́ ìwé, a sì ti ba orúkọ akúdàáyà jẹ́. Wọ́n fi wákàtí kan jiyàn. Òkú-àìsùn ni wọ́n fẹnu kò sí, wọ́n sì fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì tó mú ojú ìwé Saadawi ṣì wà lórí Lágbájá àti Nǹkan-an-nì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Haúsá ti bá wọn dá sí i, wọ́n ní Wane ni àwọn yóò lò ní tiwọn.